Òṣùwọ̀n Dúró, Iṣẹ́ Ò Dúró: Nígbà Tí Kílò Bá Kọ̀ Tí Kò Já Mọ́ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ikùn

Tó bá jẹ́ inú dáńfó lẹ ti ń gbọ́ mi, láàárín Ìyànà-Ìbà sí Mile 2, ẹ kú ìfaradà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Tó bá jẹ́ ìdí ọjà lẹ wà, ajé á wọ igbá. Ẹ fi nǹkan sétí yín dáadáa, ọ̀rọ̀ òní gba sùúrù.

Ọ̀rọ̀ òní kan àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn nítorí ara sísan, àti àwọn tó ń gbèrò àtiṣe é. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iye owó ẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kì í hàn nínú àwọn fọ́tò "tẹ́lẹ̀ rèé, ìsinsìnyí rèé" tí a máa ń rí lórí Instagram. Ìyẹn ni ìgbà tí kílò bá kọ̀ tí kò já mọ́. Èèyàn á jẹ oúnjẹ tí kò kún àtẹ́lẹwọ́, á mu omi, á rìn, á gorí òṣùwọ̀n láàárọ̀, nọ́ńbà àná ló tún máa bá níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan. Ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ti èèyàn, bíi pé ó jí nǹkan.

Èmi kì í ṣe dókítà. Tẹlifíṣọ̀n àti fíríìsà ni mò ń tà ní Ọjà Àlàbá, níbí ní Ọ̀jọ́. Ṣùgbọ́n mo ti dùbúlẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ yẹn, ó ti pé oṣù mọ́kàndínlógún báyìí. Ọjọ́ tí mo wọlé, kílò 124 ni mo wọ̀n, gíga mi sì jẹ́ mítà 1.65. Ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára mi fún ọdún mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà pẹ̀lú ẹ̀. Ìyá mi náà ní ìtọ̀ ṣúgà. Egbò kékeré kan ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, ó sì parí síbi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún mi pé ṣúgà tèmi kò gbọ́ oògùn mọ́, ẹsẹ̀ ìyá mi ni mo rí. Ìdí tí mo fi lọ nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn, torí ó máa wúlò níwájú.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Iṣẹ́ abẹ méjì ló wọ́pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò oúnjẹ kúrò, tàbí kó lé díẹ̀. Èyí tó kù á rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Òun ni wọ́n ṣe fún mi. Èyí tí wọ́n ń pè ní bypass, wọ́n á fi òkè àpò oúnjẹ ṣe àpò kékeré kan tí kò ju ẹyin adìyẹ lọ, wọ́n á wá so ó mọ́ ìfun, kí oúnjẹ lè fo apá tó kù kọjá. Edward Mason àti Chikashi Ito ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ bypass fún ara sísan ní 1966. Ẹ rí i pé kì í ṣe nǹkan tí wọ́n gbé dé lánàá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àyè oúnjẹ nìkan ni wọ́n dín kù. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá òkè àpò oúnjẹ tí wọ́n ń gé nínú sleeve, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ghrelin ti ń jáde. Ghrelin ni ìránṣẹ́ tó ń lọ bá ọpọlọ pé ebi ń pa wá o. Tí wọ́n bá gé ibẹ̀, ohùn ẹ̀ á rẹlẹ̀. Oúnjẹ á sì tún tètè dé ìfun, ìfun á tú ìránṣẹ́ mìíràn jáde, bíi GLP-1, tó ń sọ pé a ti yó. Ìdí nìyẹn tí ṣúgà àwọn kan fi ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí kílò gidi tó bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ìdúró kìíní: ọ̀sẹ̀ kẹta

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kílò máa ń já bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n. Ní tèmi, kílò mẹ́jọ lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ọ̀sẹ̀ kẹta dé, òṣùwọ̀n dúró gbagidi. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Omi lásán ni mò ń mu àti ọbẹ̀ olómi, báwo ni kílò ṣe máa dúró?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, orúkọ ìpamọ́ náà ni glycogen. Lára àgbàlagbà, ó lè tó nǹkan bí ìdajì kílò. Ṣùgbọ́n kì í dá gbé. Gíráàmù kan glycogen máa ń di nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta omi mú. Nígbà tí oúnjẹ bá ṣàdédé kéré, ara á ná ìpamọ́ yẹn tán, omi ẹ̀ á sì bá a jáde. Omi pọ̀ nínú kílò tó kọ́kọ́ lọ, ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Tí ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kan oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ìpamọ́ á tún kún díẹ̀, omi á padà wá. Ọ̀rá ń jáde, omi ń wọlé, òṣùwọ̀n á wá dúró bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ìdúró yìí wọ́pọ̀ gan-an. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gba mẹ́ta. Ẹ má dín oúnjẹ tí dókítà ní kẹ́ ẹ máa jẹ kù nítorí ẹ̀. Ẹ máa mu omi yín, ẹ sinmi. Á kọjá.

Ìdúró kejì: nígbà tí ara bá ń fún ọwọ́ pọ̀

Èyí tó ń dá ọkàn láàmú ni èyí tó máa ń dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ní tèmi, oṣù kọkànlá ni. Kílò 96. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, kílò 96.

Ẹ wo fóònù yín. Tí bátìrì bá ku ìdá 20 nínú 100, ọ̀pọ̀ wọn máa ń dín iná ojú wọn kù, wọ́n á sì pa àwọn áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, kí ìwọ̀nba tó kù lè pẹ́. Ara èèyàn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí bàbá ńlá ẹni tó ṣe fóònù tó dáyé. Ìdí mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ìdí kìíní, ara tó kéré ń jẹ iná tó kéré. Ní Àlàbá, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé fíríìsà ńlá ń jẹ iná ju fíríìjì kékeré inú yàrá lọ. Ara kílò 124 tó ń gun àtẹ̀gùn pílásà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ń ná agbára ju ara kílò 96 tó ń gun àtẹ̀gùn kan náà lọ. Oúnjẹ tó ń mú kílò já lóṣù kejì, òun gan-an lè wá di oúnjẹ tó ń mú kílò dúró lóṣù kẹwàá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ìṣirò ni.

Ìdí kejì, ara máa ń tún fún ọwọ́ pọ̀ ju bí ìṣirò ṣe sọ lọ. Láàárín 1944 sí 1945, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota kó ọkùnrin 36 jọ, àwọn tó kọ̀ láti gbé ìbọn tí wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn. Fún bí oṣù mẹ́fà, oúnjẹ wọn kò ju nǹkan bí ìdajì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n wọn. Ṣùgbọ́n agbára tí ara wọn ń ná nígbà tí wọ́n bá kàn dùbúlẹ̀ já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Òtútù ń mú wọn, inú ń bí wọn, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò ṣáá. Àwọn ọkùnrin tí ara wọn le koko nìyẹn o. Torí náà, tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé ọ̀lẹ ló ń dá yín dúró, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kẹ́ ẹ sì kọjá.

Ní 2016, Kevin Hall àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 14 tó kópa nínú ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní The Biggest Loser. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìdíje náà, agbára tí ara wọn ń ná lóòjọ́ ṣì fi nǹkan bí kálórì 500 dín sí ohun tó yẹ kí ara tó tó tiwọn máa ná. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí wọ̀nyí fi irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ wé àwọn tó ṣe bypass, wọ́n rí i pé ìfúnwọ́pọ̀ hàn lára àwọn oníṣẹ́ abẹ náà lóṣù kẹfà, àmọ́ nígbà tó fi máa pé ọdún kan, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Iṣẹ́ abẹ ń bá ara jíròrò lọ́nà tí ebi lásán kò lè gbà bá a sọ̀rọ̀.

Ìdí kẹta ni iṣan. Tí kílò bá ń yára já, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń lọ, iṣan ń bá a lọ. Iṣan sì wà lára àwọn ohun tó ń jẹ iná jù nínú ara, kódà nígbà téèyàn bá jókòó. Ẹni tí iṣan ẹ̀ bá tán, ẹ̀rọ tó ń jó ọ̀rá ló ń tà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò

Lásìkò ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn, aládùúgbò mi kan ní láìnì wa wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé owó yẹn ò ti wọgbó báyìí? Ẹ ṣì tóbi o." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn, torí owó ṣọ́ọ̀bù ni, owó àjọ wà níbẹ̀, owó ẹ̀gbọ́n mi náà sì wà níbẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà mi. Ó mú bírò. Ó ní kí n jẹ́ ká kọ́kọ́ wá kílò tí BMI mi máa fi jẹ́ 25. BMI yìí, ẹ mú kílò yín, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in, ẹ tún fi gíga yẹn pín èsì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fún ẹni tó ga mítà 1.65, BMI 25 jẹ́ nǹkan bíi kílò 68. Mo wọ̀n 124. Àpọ̀jù tó wà lára mi jẹ́ 56. Mo ti wá sí 96, kílò 28 ti lọ. Ìdajì àpọ̀jù gééré! Ó ní ìdajì yẹn ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń lò tipẹ́ láti sọ pé iṣẹ́ abẹ kẹ́sẹ járí. Tí ẹ bá sì fi gbogbo ìwọ̀n mi ìgbà yẹn ṣe é, nǹkan bí ìdá 23 nínú 100 ló ti lọ.

Mo jókòó, mo wo bébà yẹn. Ohun tí ọjà ń pè ní òfò, ilé ìwòsàn ń pè é ní èrè. Àwọn méjèèjì ń wo ara kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn ẹlòmíràn kún un. Ní Sweden, láti 1987, Lars Sjöström àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́pa èèyàn 2,010 tó ṣe iṣẹ́ abẹ àti 2,037 tí kò ṣe é. Ní 2007 wọ́n gbé èsì jáde. Àwọn tó ṣe bypass ti pàdánù nǹkan bí ìdá 32 nínú 100 ìwọ̀n wọn láàárín ọdún kìíní sí ìkejì. Níbẹ̀ ló dúró. Lẹ́yìn náà, díẹ̀ padà. Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, ìdá 25 ló ṣì wà nílẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Nínú ìwádìí tó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, kílò dúró, ó sì tún padà díẹ̀, síbẹ̀ ikú láàárín àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí tàwọn tí kò ṣe é.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ rántí Maradona. Ó ṣe bypass ní Cartagena, ní Colombia, ní 2005. Ó fọn, ayé rí i. Nígbà tó di 2015, ó tún padà sábẹ́ ọ̀bẹ ní Venezuela nítorí ikùn kan náà. Ẹni tó gba ife àgbáyé, tó sì rí dókítà tó bá fẹ́. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe òpin ìrìn. Ilẹ̀kùn ni, èèyàn á ṣì fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin ará Okokomaiko, nígbà tí rélùwéè Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní September 2023, Mile 2 ló dúró sí. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n yà á dé lórí máàpù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé torí ó dúró ní Mile 2, kí wọ́n lọ hú irin ẹ̀.

Ohun tí òṣùwọ̀n kò lè wọ̀n

Mo ní kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ ìyá mi sọ́kàn. Àyẹ̀wò kan wà tó ń jẹ́ HbA1c, ó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí nínú ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kí n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, tèmi jẹ́ 9.4. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí òṣùwọ̀n fi kọ̀ jálẹ̀ yẹn, mo lọ ṣe é. Ó jẹ́ 6.1. Dókítà ti yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan kúrò nínú méjì. Dókítà ló yọ ọ́ o, ẹ má fọwọ́ ara yín yọ oògùn.

Ní Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọ́pa èèyàn 150 tó ní ìtọ̀ ṣúgà fún ọdún márùn-ún. Ní 2017 wọ́n sọ èsì: láàárín àwọn tó lo oògùn nìkan, ìdá 5 nínú 100 ló dé HbA1c 6.0 tàbí tó dín. Láàárín àwọn tó fi sleeve kún un, 23. Àwọn tó fi bypass kún un, 29. Kì í ṣe gbogbo èèyàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ 5 sí 23 kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń gé ẹsẹ̀ èèyàn.

Kí lẹ wá máa ṣe tí kílò bá dúró?

Àkọ́kọ́, ẹ tọ́jú òṣùwọ̀n yín. Èmi ọlọ́jà ẹ̀rọ ni mo ń sọ ọ́. Òṣùwọ̀n onínọ́ńbà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí ilẹ̀ tó gbun. Táìsì tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ gbé e lé. Ẹ pààrọ̀ bátìrì ẹ̀. Ẹ wọ̀n ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun. Iyọ̀ inú súyà alẹ́ àná, àìyàgbẹ́, àti nǹkan oṣù fún àwa obìnrin lè fi kílò kan tàbí méjì omi kún un. Ẹ ra téèpù télọ̀ pẹ̀lú, kẹ́ ẹ máa wọ̀n ìbàdí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tèmi, òṣùwọ̀n kò mì, ṣùgbọ́n sẹ̀ntímítà mẹ́rin kúrò ní ìbàdí.

Ẹ̀kejì, purotéènì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ nínú àwo, kí àyè tó tán. Gíráàmù 60 sí 80 lóòjọ́ ni wọ́n sábà ń ní ká máa lépa. Ẹyin ńlá kan ní nǹkan bíi 6. Ẹja sísè tó wọn gíráàmù 100 ní nǹkan bí 20. Adìyẹ tó tó bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 25. Ẹ̀wà sísè tó tó bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 8. Ẹyin méjì láàárọ̀, ẹja Títù lọ́sàn-án, adìyẹ àti ẹ̀wà díẹ̀ lálẹ́, ó ti lé ní 60. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra páúdà olówó gọbọi láti òkè òkun. Wàrà àwọn Fúlàní wà, mọ́ínmọ́ín wà.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ra fún oúnjẹ tó ń yọ́ wọlé. Ikùn kékeré lè kọ ẹran, àmọ́ kì í kọ ṣinṣín, bísíkíìtì, áísíkiriìmù àti mínírà. Wọ́n á yọ́ kọjá, ẹ ò ní yó, kálórì á sì ti wọlé. Agolo kóòkì 33cl kan ní nǹkan bíi gíráàmù 35 ṣúgà. Àwa tí a ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìpápánu tí a ń fi dúró de kọ́sítọ́mà ló ń ṣe wá, ju àwo ìrẹsì lọ. Tí ẹ bá sì ń mu ọtí tàbí páragà, ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, ọtí máa ń tètè gun èèyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fún iṣan níṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìmárale lọ́sẹ̀, kó sì ṣe èyí tó ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Rírìn nínú ọjà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ìjókòó-dìde lórí àga, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta. Títi ògiri. Gálọ́ọ̀nù omi kékeré lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi ń ṣe tèmi lẹ́yìn àwọn páálí fíríìsà, kí kọ́sítọ́mà tó dé.

Ẹ̀karùn-ún, oorun. Ẹni tí kò sùn, ebi á máa pa á ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, mo mọ̀ pé fóònù dùn ún tẹ̀ ní òru. Síbẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, fítámì yín, títí ayé. B12, áyọ́ọ̀nù, kálísíọ́mù, fítámì D, bí dókítà bá ṣe kọ ọ́. Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásìkò. Irun lè máa já láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, ó sábà máa ń padà hù. Tí kílò bá sì ń padà wá láìdúró, ẹ má sá fún dókítà nítorí ìtìjú. Ó lè jẹ́ oògùn kan tẹ́ ẹ̀ ń lò fún àìsàn mìíràn, ó lè jẹ́ gògóńgò, ó lè jẹ́ pé ọkàn yín ló wúwo. Oògùn tí ń ran ìdínkù ara lọ́wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà wà, ọwọ́ dókítà ló yẹ kó ti wá.

Àwọn tó ń ta ọ̀nà àbùjá

Ibi tí ìdúró ti ń pa èèyàn lára jù nìyí. Kílò kì í pa èèyàn nígbà tó bá dúró. Ohun tí èèyàn ń gbé mì láti fipá tì í ló léwu. Wọ́n ti gbé tíì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti gbé abẹ́rẹ́ wá nínú báàgì dúdú, wọ́n ní Ozempic ni, kò tilẹ̀ tutù. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó wà nínú fíríìjì kó tó di lílò, nínú oòrùn Àlàbá!

Ní June 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde fún gbogbo ayé pé wọ́n rí ayédèrú Ozempic ní Brazil, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Tó bá dé ibẹ̀ yẹn, kí lẹ rò pé ó máa ṣòro fún láti dé ọ̀dọ̀ wa? Àwa ará Àlàbá sì lẹni tó yẹ kó mọ̀. A mọ̀ pé páálí lè jẹ́ ojúlówó kí ohun inú ẹ̀ má jẹ́ ojúlówó. Tẹlifíṣọ̀n ayédèrú á kàn bàjẹ́ ni, ẹ lè dá a padà. Ta lẹ máa dá kídìnrín padà fún?

Ẹnu ayé

Ìyókù ni ẹnu ayé. Láwùjọ tiwa, ara ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ayé yẹ èèyàn. Tẹ́ ẹ bá fọn, wọ́n á ní àìsàn ni. Tẹ́ ẹ ò bá tètè fọn, wọ́n á ní owó ti ṣòfò. Ní òde àríyá, wọ́n á gbé àwo ìrẹsì méjì síwájú yín, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, ẹ ti rí wọn fín. Èmi máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá mi dì í, mo sì máa ń dúpẹ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó bá béèrè kílò mi, mo máa ń sọ pé, "Ṣúgà mi ti wálẹ̀, ẹ bá mi dúpẹ́." Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń jókòó wá bi mí nípa ṣúgà tiwọn. Aládùúgbò mi tó ní owó ti wọgbó, mo tẹ̀ lé e lọ ṣe àyẹ̀wò tiẹ̀ lóṣù tó kọjá.

Kílò 91 ni mo wọ̀n lọ́sẹ̀ yìí. Láti oṣù kọkànlá títí di ìkọkàndínlógún, kílò márùn-ún péré. Bóyá á tún já, bóyá ibí ló máa dúró sí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láàárọ̀ yìí mo fẹsẹ̀ méjèèjì gun àtẹ̀gùn, mi ò sì dúró mí lágbede méjì.

Kí n tó lọ: tẹ́ ẹ bá ń bì láìdákẹ́, tí omi kò lọ, tí inú ń ro yín gan-an, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró kílò, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ kíákíá. Ẹ̀yin obìnrin tó ń retí ọmọ, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú, torí wọ́n sábà máa ń ní ká dúró tó oṣù méjìlá sí méjìdínlógún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń bá òṣùwọ̀n jà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ mu omi o. Ó dàbọ̀.